Kí Àwòrán Inú Jọ́nà Tó Wọ Tíísìsì Yín: Bí A Ṣe Ń Gba Àṣẹ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ni Ín

Ẹ wọ ilé-ìkàwé yunifásítì kan ní Èkìtì, kí ẹ fa tíísìsì mélòó kan tó dá lórí ìpínlẹ̀ yìí yọ, kí ẹ ṣí i sí ibi tí wọ́n ti ṣàpèjúwe agbègbè ìwádìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá máàpù kan náà níbẹ̀: ìjọba ìbílẹ̀ 16, àwọ̀ tó ti ṣá, lẹ́tà tí ojú kò lè kà mọ́. Ẹnì kan ló ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti inú tíísìsì ẹlòmíràn, ìyẹn náà sì rí i níbòmíràn. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á kọ "Orísun: Google", bí ẹni pé Google ló jókòó ya máàpù Èkìtì.

Tí iṣẹ́ náà kò bá kúrò lórí pẹpẹ, ariwo kì í sí. Àmọ́ tíísìsì tí ilé-ẹ̀kọ́ bá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ti di ohun tí gbogbo ayé lè kà. Bí ẹ bá sì fa orí kan yọ nínú rẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí jọ́nà, wọ́n máa ní kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ti gba àṣẹ gbogbo àwòrán tí kì í ṣe tiyín. Ẹni tó bá dúró dìgbà yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá oníǹkan kiri, ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Ẹ̀yin tó ń ṣe másítà tàbí PhD ní EKSU, FUOYE, ABUAD tàbí BOUESTI, àti ẹ̀yin lẹ́kíṣọ́rà tó ń kọ àpilẹ̀kọ, ọ̀nà tí ẹ lè gbà rèé.

Dídárúkọ kì í ṣe gbígba àṣẹ

Láti ọdún kìíní ni wọ́n ti kọ́ wa pé kí a dárúkọ ẹni tí a gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó dáa, ètò ọ̀mọ̀wé nìyẹn, kí wọ́n má baà pè wá ní olè ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ àdàkọ, tí gbogbo èèyàn ń pè ní kọ́píráìtì, ọ̀rọ̀ òfin ni. Bí èèyàn bá gbé agbádá onílé rẹ̀ wọ̀ lọ sóde láì béèrè, tó wá ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé "Bàbá Lágbájá ló ni agbádá yìí o," òótọ́ ló sọ, àmọ́ kò tọrọ aṣọ.

Òfin tó de ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ wa ni Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Nigerian Copyright Commission ló ń bójú tó o. Òfin náà fàyè gba ìlò tó mọ níwọ̀n fún ìwádìí tí kì í ṣe ti òwò, fún ẹ̀kọ́ tí èèyàn ń dá kọ́, àti fún lámèyítọ́ tó bá jẹ́wọ́ orísun. Wọ́n á wo ìdí tí ẹ fi lò ó, irú iṣẹ́ tó jẹ́, bí ohun tí ẹ mú ṣe pọ̀ tó, àti bóyá ìlò yín á ba ọjà oníǹkan jẹ́. Nítorí náà, pírójẹ́ẹ̀tì tí súpáfáísọ̀ àti olùdánwò nìkan máa kà ní ibi ìsádi díẹ̀. Lójú tèmi, ibi ìsádi yẹn kéré fún ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun rìn jìnnà. Jọ́nà òkèèrè kò ní bá yín jiyàn lórí òfin Nàìjíríà. Ìwé àṣẹ ni wọ́n máa ní kí ẹ mú wá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ṣé àwòrán yẹn gan-an lẹ fẹ́?

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ bi ara yín bóyá àwòrán náà lẹ nílò, àbí ohun tó ń sọ. Òfin kò fi ẹ̀tọ́ àdàkọ bo èrò, ọ̀nà ìṣiṣẹ́, àwárí tàbí nọ́ńbà lásán. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ló dáàbò bò. Ká ní àpilẹ̀kọ kan tẹ nọ́ńbà tó ń fi hàn bí omi Ìkògòsì ṣe ń gbóná sí láti ojúsun rẹ̀ títí dé ibi tó ti pàdé omi tútù. Ẹ lè mú nọ́ńbà wọ̀nyẹn, kí ẹ dárúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fi ya gíráàfù tiyín nínú ètò kọ̀ǹpútà bí Excel tàbí R. Gíráàfù yẹn, tiyín ni, ẹ kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ ìlà gíráàfù nìkan ni wọ́n tẹ̀, tí wọn kò kọ nọ́ńbà, ètò kan tó ń jẹ́ WebPlotDigitizer lè bá yín ka nọ́ńbà náà kúrò lórí ìlà. Ẹ ṣáà jẹ́wọ́ lábẹ́ àwòrán yín pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe rí i.

Ohun tí kò tọ́ ni kí a gbé àwòrán ẹlòmíràn sínú CorelDRAW, ètò ìyàwòrán, kí a tọ ipasẹ̀ gbogbo ìlà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sọ búlúù di pupa, kí a wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé òǹkọ̀wé ló yà á. Àwọn oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà mọ iṣẹ́ yìí dunjú, wọ́n sì lè ṣe é fún yín kí ẹ tó mu omi tán. Àwòrán ẹlòmíràn náà ni síbẹ̀. Títún un yà kò gba ẹ̀tọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ yà á.

Ọ̀rọ̀ máàpù agbègbè ìwádìí ló yẹ kí n dúró lé díẹ̀, torí òun ló pọ̀ jù, òun ló sì rọrùn jù láti yanjú. Ẹ má gba àṣẹ lórí máàpù tó ti ṣá. Ẹ ya tiyín. QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, kò gba kọ́bọ̀. Ẹ gba ààlà ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ láti orí GADM, àkójọ dátà ààlà ilẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó fàyè gba kí a fi dátà rẹ̀ ya máàpù fún ìtẹ̀jáde ẹ̀kọ́, tàbí kí ẹ gba ojú ọ̀nà, odò àti ìlú láti orí OpenStreetMap, máàpù tí àwọn èèyàn káàkiri ayé jọ ń yà, tí kò béèrè ju pé kí ẹ kọ "© OpenStreetMap contributors" sí i. Ẹ yọ Èkìtì nìkan jáde nínú máàpù Nàìjíríà, ẹ kun ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní àwọ̀ tó dá yàtọ̀, kí ẹ wá fi àmì sí ibi tí ẹ ti bu omi, wa ilẹ̀ tàbí pín ìwé ìbéèrè. Fóònù yín lè bá yín gba nọ́ńbà GPS ibẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ. Ẹ má gbàgbé òsùwọ̀n àti ọfà àríwá, kí ẹ sì gbé e jáde ní 300 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ sí nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́). Ẹni tí kò fọwọ́ kan QGIS rí lè kọ́ èyí láàárín ọjọ́ díẹ̀, máàpù rẹ̀ á sì mọ́lẹ̀ ju ti gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ní ti àwòrán Google Earth, Google gbà kí a lò ó fún ìwádìí àti ẹ̀kọ́ láì kọ̀wé sí wọn, bí orúkọ Google àti ti àwọn tó pèsè àwòrán bá hàn kedere. Ẹ má gé ìlà kékeré ìsàlẹ̀ yẹn dànù. Àwòrán sátẹ́láìtì Landsat láti USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, kò sí lábẹ́ ẹ̀tọ́ àdàkọ rárá. Ẹ ṣáà dárúkọ wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka abẹ́ àwòrán dé ìsàlẹ̀

Ó wá kù àwòrán tí ẹ kò lè rọ́pò: fọ́tò òkúta lábẹ́ máíkírósíkóòpù, àwòrán ẹ̀yà ara kòkòrò, àwòrán ẹ̀rọ tí ẹnì kan ṣe, fọ́tò ọdún ìbílẹ̀. Ẹ ka ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ tán pátápátá. Bí ẹ bá rí "adapted from", "courtesy of" tàbí "reproduced with permission", ó túmọ̀ sí pé ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ tó wà lọ́wọ́ yín kọ́ ló ni ín. Òun náà yá a ni. Ẹ lọ sí orísun tó dárúkọ, kí ẹ ka abẹ́ tibẹ̀ náà, torí òun náà lè ti yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àwọn àpilẹ̀kọ tó ń ṣàkójọ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ló kún fún èyí jù, àwọn gan-an la sì fẹ́ràn láti mú àwòrán níbẹ̀, torí àwòrán wọn rẹwà, ó sì sọ ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣọ́ra. Kódà bí gbogbo àpilẹ̀kọ náà bá wà lábẹ́ láísẹ́ǹsì ọ̀fẹ́ (àṣẹ ìlò tí oníǹkan ti fún gbogbo èèyàn tẹ́lẹ̀), láísẹ́ǹsì yẹn kò dé orí àwòrán tí wọ́n yá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá láísẹ́ǹsì rẹ̀

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé kìíní PDF, tàbí ìsàlẹ̀ pátápátá lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí wọ́n kọ "Rights and permissions" sí. Bí ẹ bá rí lẹ́tà CC (Creative Commons, orúkọ àwọn láísẹ́ǹsì ọ̀fẹ́), orí yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbè yín. PLOS ONE, àwọn jọ́nà BMC, Frontiers àti MDPI sábà máa ń lo CC BY. Ìyẹn ni pé ẹ lè lo àwòrán náà, ẹ lè gé e, ẹ lè tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá, kódà ẹ lè fi sínú ìwé tí ẹ máa tà, bí ẹ bá ti dárúkọ àwọn oníṣẹ́, tí ẹ fi líǹkì láísẹ́ǹsì síbẹ̀, tí ẹ sì sọ ohun tí ẹ yí padà. Ẹ kò nílò láti kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni.

Lẹ́tà mìíràn lè tẹ̀lé CC BY. NC ní kò gbọdọ̀ jẹ́ ti òwò. Tíísìsì kò níṣòro níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ máa tẹ̀ tí ẹ máa tà fún ọmọ kíláàsì nílò àṣẹ. SA ní kí àwòrán tí ẹ bá tún ṣe gba irú láísẹ́ǹsì kan náà. ND ni ó máa ń ká àwa tó ń kọ iṣẹ́ ní Yorùbá mọ́: kò gba àyípadà. Bí ẹ bá nu "sepal" kúrò lórí àwòrán òdòdó kan tí ẹ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i, ẹ ti yí i padà nìyẹn. Ẹ fi àwòrán náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ kọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ kọ̀wé béèrè.

Àwọn ìtẹ̀jáde Àjọ Ìlera Àgbáyé láti ìparí ọdún 2016 sábà máa ń wà lábẹ́ CC BY-NC-SA 3.0 IGO. Ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́, bíi ti NASA, kò ní ẹ̀tọ́ àdàkọ ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ẹ ṣàyẹ̀wò abẹ́ àwòrán síbẹ̀, torí wọ́n máa ń yá ti ẹlòmíràn lò.

Kí a lè ka nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ kò sọ pé a lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Àpilẹ̀kọ tí ẹ rí lórí ResearchGate, ìkànnì tí àwọn olùwádìí ń gbé iṣẹ́ wọn sí, tí ẹ wà á jáde láì san nǹkan kan, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé síbẹ̀. Wíwà rẹ̀ níbẹ̀ kò yí nǹkan kan padà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ta ló ni ín?

Bí kò bá sí láísẹ́ǹsì ọ̀fẹ́, ẹ wá oníǹkan. Nínú jọ́nà ńlá òkèèrè, ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ ti sábà fọwọ́ sí ìwé tó gbé ẹ̀tọ́ náà fún ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé. Nítorí náà, bí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Adó bá sọ fún yín pé "lọ lò ó, iṣẹ́ mi ni," ẹ dúpẹ́ gidigidi, kí ẹ sì tún kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé. Kì í ṣe àfojúdi sí wọn. Ó lè má sí lọ́wọ́ wọn mọ́ láti fi tọrẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin náà nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán inú àpilẹ̀kọ tiyín sínú tíísìsì tiyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé Elsevier àti Springer Nature gbà fún òǹkọ̀wé láti ṣe bẹ́ẹ̀ nínú tíísìsì rẹ̀ láì san nǹkan kan.

Jọ́nà ilẹ̀ wa yàtọ̀. Òfin Nàìjíríà sọ pé gbígbé ẹ̀tọ́ fún ẹlòmíràn pátápátá gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ló wà tí òǹkọ̀wé san owó ìtẹ̀wé, tó sì gba ẹ̀dà rẹ̀, láì fọwọ́ sí ìwé kankan. Ẹ bi òǹkọ̀wé náà: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ fọwọ́ sí ìwé tó gbé ẹ̀tọ́ iṣẹ́ yìí fún jọ́nà náà?" Bí wọ́n bá ní rárá, àwọn náà ló ṣì ni ín, àṣẹ wọn sì tó. Bí ó bá rú wọn lójú, ẹ kọ̀wé sí òǹkọ̀wé àti olóòtú pọ̀ nínú ímeèlì kan. AJOL (African Journals Online), ìkànnì tí ẹ ti rí àpilẹ̀kọ náà, kò ni ín. Ibi ìpàtẹ lásán ni.

Máàpù ìjọba náà ní oníǹkan. Rírà tí ẹ ra máàpù òkúta lọ́wọ́ Nigerian Geological Survey Agency, ìwé lẹ rà, ẹ kò ra ẹ̀tọ́ láti tún un tẹ̀. Lẹ́tà tó ní àmì ilé-ẹ̀kọ́ lórí, tí olórí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ buwọ́ lù, ló máa ń yá lọ́dọ̀ ìjọba, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín.

Ní ti fọ́tò, ẹni tó yà á ló ni ín, àfi bí àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹni tó wà nínú fọ́tò kọ́, ẹni tó gbé e sórí Facebook kọ́. Àmọ́ bí ojú èèyàn bá hàn níbẹ̀, pàápàá níbi ètùtù tàbí láàfin, ó yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn náà, bí òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ kò tilẹ̀ kàn án nípá.

Ohun àtijọ́ ń bọ́ lábẹ́ ẹ̀tọ́ nígbà tó bá yá. Lábẹ́ òfin wa, ìwé àti àwòrán tí a fọwọ́ yà ń bọ́ lẹ́yìn ọdún 70 tí ẹni tó ṣe é ti kú. Iṣẹ́ ẹni tó kú ní 1950 bọ́ ní ìparí 2020. Ti fọ́tò jẹ́ ọdún 50 lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ béèrè

Fún jọ́nà ńlá, RightsLink, ìkànnì tí a ti ń gba àṣẹ, ni ojú ọ̀nà. Copyright Clearance Center ní Amẹ́ríkà ló ni ín. Lórí ScienceDirect ti Elsevier, ẹ tẹ "Get rights and content". Lórí Springer Nature, ẹ wá "Reprints and permissions" nísàlẹ̀. Lórí Wiley, ẹ wo abẹ́ "Tools". Wọ́n á ní kí ẹ ṣí àkáǹtì, kò gba owó. Lẹ́yìn náà fọ́ọ̀mù á bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ yan tíísìsì. Ibi tí wọ́n ti béèrè apá tí ẹ fẹ́, ẹ yan àwòrán, kí ẹ kọ iye rẹ̀ gan-an, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà àwòrán náà bó ṣe wà nínú àpilẹ̀kọ. Bí wọ́n bá béèrè bóyá orí ìwé ni tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ mú méjèèjì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: wọ́n á yan ìwé títẹ̀ nìkan torí pé ẹ̀dà eléèpo líle ni ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà, ilé-ìkàwé á wá gbé PDF sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún kejì, àṣẹ kò sì dé ibẹ̀. Bí ẹ bá máa tú ọ̀rọ̀ inú àwòrán sí Yorùbá, ẹ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti béèrè ìtumọ̀. Ẹ kọ àkọlé tíísìsì, orúkọ yunifásítì lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, àti oṣù tí ẹ rò pé ẹ máa parí. Bí wọ́n bá pe iye owó, fún tíísìsì, òdo ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ fọwọ́ sí i, wọ́n á fi ìwé láísẹ́ǹsì tó ní nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ímeèlì yín lójú ẹsẹ̀. Ìwé yẹn ni gbogbo ohun tí ẹ ń wá.

Ẹ̀yin ẹnjiníà ní Ìkọ̀lé, ti IEEE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà tó ń tẹ jọ́nà, rọrùn ju èyí lọ. Wọn kò béèrè láísẹ́ǹsì fún tíísìsì, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí "© ọdún IEEE" hàn gbangba lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Fún ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Ìlú Ọba, ẹ wo PLSclear, ìkànnì ìgbàṣẹ tibẹ̀, kí ẹ tó kọ lẹ́tà.

Ẹ̀yin lẹ́kíṣọ́rà tó ń kọ fún jọ́nà, ẹ wo àdéhùn STM, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé jọ́nà lágbàáyé. Àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé tó wọ inú rẹ̀ ti gbà láàárín ara wọn pé èèyàn lè mú àwòrán tàbí àtẹ tí kò ju mẹ́ta lọ láti inú àpilẹ̀kọ kan láì san owó. Àwọn kan ṣì fẹ́ kí ẹ sọ fún wọn, àwọn kan kò fẹ́. Orúkọ gbogbo wọn wà lórí ìkànnì STM.

Níbi tí kò bá sí fọ́ọ̀mù, ímeèlì ni. Ẹ má kọ ìtàn ayé yín. Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ yín. Ẹ kọ àkọlé, òǹkọ̀wé, ọdún, ojú ewé, nọ́ńbà àwòrán àti DOI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ àpilẹ̀kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì). Ẹ so àwòrán náà mọ́ ọn kí wọ́n má baà wá a kiri. Ẹ sọ ibi tí ẹ máa lò ó, pé yóò wà lórí ìwé àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti bóyá ẹ máa yí i padà. Kí ẹ wá kọ gbólóhùn tí ẹ fẹ́ fi dárúkọ wọn, kí wọ́n kàn sọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí i. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé bí àwọn kọ́ ló ni ín, kí wọ́n júwe ẹni tó ni ín. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ń dín ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kù.

Ti ẹni wa nílé, ẹ má fi fọ́ọ̀mù bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ pè wọ́n ná, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ká ní fọ́tò ọdún Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ ni:

"Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi tí mo pè yín láàárọ̀ ni, akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní EKSU. Ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò tí mo ní lọ́kàn nìyí, èyí tí àwọn èèyàn kó sí ẹsẹ̀ òkè. Mo fẹ́ tọrọ àyè láti lò ó nínú tíísìsì másítà mi. Mi ò ní gé e, mi ò sì ní tà á. Tíísìsì náà á wà ní ilé-ìkàwé, ó sì lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ṣe fẹ́ kí orúkọ yín rí lábẹ́ rẹ̀ ni mo máa kọ ọ́. Bí ẹ bá gbà, ẹ bá mi kọ ọ́ síbí pé ẹ gbà, kí n lè fi han ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ṣé púpọ̀."

Lábẹ́ òfin wa, irú àṣẹ báyìí lè jẹ́ ti ẹnu. Ṣùgbọ́n kí lẹ máa fi han olùdánwò láti òde? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fún àwọn ní nǹkan, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Ẹ dúnàá dúrà, kí ẹ gba rìsíìtì.

Bí wọn kò bá dáhùn, tàbí tí wọ́n dá owó lé e

Ìdákẹ́ kì í ṣe àṣẹ, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ bá ń kọ orí kejì gan-an, torí ilé-iṣẹ́ mìíràn ń pẹ́ tó oṣù kan kó tó fèsì. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, ẹ rán wọn létí lórí ímeèlì kan náà. Bí wọn kò bá sọ nǹkan kan síbẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀, kí ẹ sì júwe ibi tí òǹkàwé ti lè rí i.

Bí wọ́n bá dá dọ́là lé e, ẹ má tíì sáré lọ wá káàdì tó lè san án. Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka àṣẹ ilé-iṣẹ́ náà tààrà, kí ẹ ṣàlàyé pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yín, pé tíísìsì náà kì í ṣe títà, kí ẹ ní kí wọ́n mójú kúrò nínú owó náà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ wá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nínú jọ́nà CC BY tàbí Wikimedia Commons. Àwòrán tí kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn kò pọ̀ bí a ṣe ń rò.

Ohun tí a ń kọ sábẹ́ rẹ̀

Èyí tó ní CC BY: "Àwòrán 2.3. Orúkọ àwọn òǹkọ̀wé, ọdún, àkọlé, jọ́nà, DOI. CC BY 4.0, líǹkì láísẹ́ǹsì. A gé apá òsì kúrò, a sì tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá." Èyí tí ẹ fi nọ́ńbà ẹlòmíràn yà: "Òǹkọ̀wé ló ya àwòrán yìí, pẹ̀lú dátà láti ọ̀dọ̀ Lágbájá, ọdún." Èyí tí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé fún yín láṣẹ rẹ̀, ẹ kọ gbólóhùn tí wọ́n fún yín bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ní Gẹ̀ẹ́sì, kódà bí gbogbo tíísìsì bá jẹ́ Yorùbá. Ẹ má tú u, ẹ má gé e kúrú.

Ìwé tí ẹ máa tọ́jú

Ẹ ṣí àtẹ kan nínú Excel láti ọjọ́ àkọ́kọ́: nọ́ńbà àwòrán nínú iṣẹ́ yín, ibi tó ti wá, ẹni tó ni ín, ọjọ́ tí ẹ béèrè, èsì, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì. Ẹ fi gbogbo PDF àti ímeèlì sínú fódà kan, kí ẹ ya àwòrán ojú fóònù fún ti WhatsApp kí ọjọ́ àti orúkọ hàn. Kí gbogbo rẹ̀ sì wà lórí Google Drive pẹ̀lú, torí fóònù ń sọnù nínú mọ́tò Adó sí Ọ̀yẹ́. Bí súpáfáísọ̀ bá gbà, ẹ kó wọn sí àfikún ẹ̀yìn tíísìsì. Àmọ́ ẹ bo nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì àwọn èèyàn kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbèjà iṣẹ́ yín

Àṣẹ tíísìsì, ti tíísìsì nìkan ni. Bí ẹ bá fẹ́ sọ orí kẹrin di àpilẹ̀kọ, tàbí kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìwé tí wọ́n máa tà, ẹ padà sí RightsLink, kí ẹ yan ìlò tuntun, torí iye owó rẹ̀ lè má jẹ́ òdo mọ́. Àwọn tí ẹ kọ ímeèlì sí, ẹ tún kọ òmíràn, kí ẹ fi èsì àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n oníkámẹ́rà ní Ìkẹ́rẹ́ náà, ẹ tún pè wọ́n, torí ẹ ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ẹ kò ní tà á.